Ṣíṣe Ilé Lọ́ṣọ̀ọ́ Láti Pálọ̀ Dé Balùwẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà la ó wò kí a tó yan ọ̀dà. Ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ibi tí omi ń gbà wọ ògiri, iye ènìyàn tó ń sùn níbẹ̀, bí iná ṣe ń wá sí: àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń sọ ohun tó máa bá ilé kan mu, kì í ṣe àwòrán tí a rí lórí Instagram. Irú ilé tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ni ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí dá lé: fúláàtì oníyàrá méjì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí yàrá rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 (mítà 3.6 sí 3.6), tí àjà rẹ̀ sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 (mítà 3).

Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí iná tẹ̀ lé e, kí kọ́tìnì tẹ̀ lé iná. Àga ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dà á rú: wọ́n á gbé kúṣìnnì tuntun síwájú ògiri tó ń bó, owó á lọ, ilé ò sì ní yàtọ̀.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ra téèpù onímítà 5. Ẹ wọn gígùn àti ìbú yàrá, gíga fèrèsé láti ilẹ̀, ìbú ẹnu ọ̀nà, àti ibi tí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wà, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n àga tí ẹ fẹ́ rà. Kúṣìnnì ẹlẹ́ni mẹ́ta sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 200 sí 220, ó sì máa ń fẹ̀ tó 90. Ẹ wá máa rìn yí ìwé ìròyìn náà ká bí ẹni tó gbé abọ́ oúnjẹ dání. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kọjá ò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 75. Àárín àga sí tábìlì, 40 sí 45 tó. Bó bá di pé ẹ ń fẹ̀gbẹ́ rìn, àga náà ti tóbi jù fún pálọ̀ yín, bó ti wù kó rẹwà tó ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọdọọdún la ń kun ìsàlẹ̀ ògiri, ọdọọdún ló ń bó. Ṣé ọ̀dà burúkú ni wọ́n ń tà fún wa?

Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ọ̀dà. Omi ni. Ẹ sún mọ́ ògiri náà: ọ̀dà á wú bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí, bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á fọ́, ìyẹ̀fun funfun bí àtíkè á sì dà sílẹ̀. Iyọ̀ inú ilẹ̀ àti inú símẹ́ńtì ni ìyẹ̀fun yẹn. Omi ló pọ́n ọn gòkè. Nígbà tí omi gbẹ tán, iyọ̀ ò bá a lọ, ó jókòó sẹ́yìn ọ̀dà, ó ń tì í kúrò lára ògiri.

Kí ẹ lè mọ ibi tí omi ti ń wá, ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40, kí ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri pinpin. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù, níhà ògiri, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ló tutù, èémí àwọn tó ń sùn níbẹ̀ àti oru ìdáná ló ń di omi. Fèrèsé ni kí ẹ máa ṣí.

Omi inú ògiri sábà máa ń ti ibi mẹ́ta wá. Àkọ́kọ́, bírikìlà ò tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sórí ìpìlẹ̀ kó tó máa to búlọ́ọ̀kù lọ, ilẹ̀ wá ń fa omi gòkè. Èkejì, iyẹ̀pẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, tàbí òjò tó ń já láti etí òrùlé ń ta sí ògiri lára. Ẹ̀kẹta, páìpù balùwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri náà ń jò. Bí àbàwọ́n náà ò bá dín kù nígbà ẹ̀rùn, páìpù ni kí ẹ fura sí.

Ìta ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ ìta títí yóò fi relẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ ṣe ọ̀nà tí omi òjò máa gbà lọ. Lẹ́yìn náà ni kí bírikìlà ha símẹ́ńtì ara ògiri kúrò títí kọjá ibi tí àbàwọ́n dé ní sẹ̀ǹtímítà 30, kó sì fi símẹ́ńtì tí wọ́n po oògùn adáwọ́-omi-dúró mọ́ rẹ́ ẹ padà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ 28 ó kéré tán. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ṣe é ní oṣù keje ń kun ọ̀dà sórí ògiri tó ṣì ń mu omi.

Ohun tí a kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kí ó lẹ táìsì tàbí kun ọ̀dà dídán bo ibẹ̀. Omi tí kò ríbi jáde nísàlẹ̀ á gun òkè sí i ni, ohun tó wà ní orúnkún lọ́dún yìí á dé ìgbáròkó lọ́dún tó ń bọ̀.

Ògiri sán. Ṣé mo lè kun ún bẹ́ẹ̀?

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu ògiri ló ń dẹ́rù bani. Èyí tó tín-ín-rín bí irun, ara símẹ́ńtì lásán ló wà. Ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, kí ẹ dí i, kí ẹ fi sánpépà fá a. Èyí tó gba owó ẹyọ, tó sì dagun láti igun fèrèsé bí àtẹ̀gùn, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bó bá kọjá àmì láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ kí ẹ tó pe pẹ́ńtà.

Ọ̀dà mélòó ni yàrá kan máa gbà?

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, ẹ má fi sílẹ̀ fún pẹ́ńtà nìkan. Ìyíká yàrá mítà 3.6 sí 3.6 jẹ́ mítà 14.4. Ẹ fi gíga mítà 3 sọ ọ́ di púpọ̀: mítà onígun mẹ́rin 43.2. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan (nǹkan bíi 1.9) àti fèrèsé méjì (2.9 lápapọ̀), ó ku 38.4. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń kùn ún, nítorí náà ó di nǹkan bíi 77. Lítà ọ̀dà kan máa ń kun mítà onígun mẹ́rin 8 sí 10 lórí ògiri tó dán. Lítà 8 sí 10 ni yàrá náà máa gbà, ìyẹn ni pé rọ́bà onílítà 20 kan á kun yàrá méjì.

Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pàápàá bó bá jẹ́ àwọ̀ tí wọ́n pò ní ṣọ́ọ̀bù, torí àwọ̀ tí wọ́n bá pò lọ́jọ́ kejì lè má bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ẹ dúró ti omi tí wọ́n ń là á: lítà 2 nínú rọ́bà 20 ti tó. Ọ̀dà tí wọ́n là jù máa ń yí sí ara aṣọ ẹni tó bá fẹ̀yìn ti ògiri. Kí kíkùn àkọ́kọ́ gbẹ fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kí èkejì tó bọ́ sí i. Lásìkò òjò, ó di ọjọ́ kejì.

Èwo ni kí n yàn nínú emulsion (ọ̀dà tí kì í dán), satin (èyí tó ń dán díẹ̀) àti gloss (èyí tó ń dán gan-an)?

Emulsion fún àjà àti yàrá àwọn àgbà. Satin fún pálọ̀, ọ̀nà àárín yàrá àti yàrá ọmọdé, torí ó ṣe é fi kànìnkàn-ìn tútù nù. Gloss fún ilẹ̀kùn àti irin fèrèsé nìkan. Lórí ògiri, ó máa ń fi gbogbo gọ́ńgọ́ àti kòtò ọwọ́ bírikìlà hàn.

Ṣé dandan ni screeding, ìyẹn ìpara funfun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri kó lè dán kí wọ́n tó kùn ún?

Kì í ṣe dandan. Bí símẹ́ńtì ògiri bá ti dán dáadáa, ẹ fi owó rẹ̀ ra ọ̀dà gidi. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan, kí wọ́n fi sánpépà fá a, kí wọ́n sì fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀ kúrò pátápátá. Eruku tí wọn ò nù yẹn ló máa ń mú kí ọ̀dà tuntun ṣí bí ìpẹ́ ẹja.

Àwọ̀ wo ló yẹ pálọ̀?

Ẹ má yan àwọ̀ láti ara páálí kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ra èyí tó kéré jù, kí ẹ kun sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 sára ògiri tó kọjú sí fèrèsé, àti sára ògiri tí fèrèsé wà. Ẹ wò ó láàárọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù. Àwọ̀ kan náà á di mẹ́ta lójú yín.

Pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn máa ń gba oòrùn gbígbóná lọ́sàn-án. Àwọ̀ ofeefee àti pupa á jẹ́ kó dà bíi pé ooru ti pọ̀ sí i. Àwọ̀ ewé tó ṣá díẹ̀, tàbí eérú tó fẹ́ jọ búlúù, ló ń tu ojú níbẹ̀. Èyí tí ilé aládùúgbò ti dí oòrùn rẹ̀, àwọ̀ bí inú àgbọn tàbí bí ọ̀gì ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ògiri kan tó dúdú jù ìyókù, èyí tí ẹ ń wò bí ẹ ṣe ń wọlé ni kó jẹ́, kó má ṣe jẹ́ èyí tí fèrèsé wà, nítorí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á mú kó dúdú kirimú.

Gílóòbù tiwa ń mú kí ilé dà bí ilé ìwòsàn. Kí ló fà á?

Ẹ wo ara páálí gílóòbù, ẹ ó rí nọ́ńbà tí K tẹ̀ lé. 6500K ni èyí tó funfun tó fẹ́ jọ búlúù, òun ló pọ̀ jù lọ́jà. 2700K sí 3000K ni ti ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ bí ti àtùpà, òun ló yẹ pálọ̀ àti yàrá. 4000K dára fún ilé ìdáná àti ibi tí ọmọ ti ń kàwé. Ẹ má pa méjì pọ̀ nínú yàrá kan, nítorí ògiri kan náà á ní àwọ̀ méjì.

Gílóòbù LED oníwáàtì 9 máa ń fúnni ní nǹkan bíi lumen 800 (lumen ni ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó). Pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, mẹ́ta tó o, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ ojú kan náà: ọ̀kan lókè, ọ̀kan lára ògiri, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ju wáàtì 27 lọ, inverter kékeré á gbé e. Bí gílóòbù bá wà lókè fáànù, òjìji apá fáànù á máa ṣẹ́jú lára ògiri títí orí á fi máa fọ́ni; ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye yáàdì aṣọ kọ́tìnì?

Ká ní fèrèsé fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 120. Irin kọ́tìnì gbọ́dọ̀ yọ ní 20 lọ́tùn-ún, 20 lósì: 160. Ìdí ni pé bí ẹ bá ká kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara ògiri ló máa wà, kò ní dí afẹ́fẹ́. Aṣọ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì irin kó tó lè ṣẹ́po dáadáa: 320. Ẹ fi 20 kún un fún ìṣẹ́tí, ó di 340. Yáàdì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 91. Ẹ ra yáàdì 4. Èyí jẹ́ fún aṣọ kọ́tìnì tó fẹ̀ ní 280, tí a máa ń yí ní ìdábùú kí ìbú rẹ̀ lè di gíga. Ẹ bi olójà léèrè ìbú aṣọ kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án.

Ẹ kan irin ní 20 sókè fèrèsé, kí aṣọ sì dúró ní sẹ̀ǹtímítà kan sí ilẹ̀. Kọ́tìnì tó dúró ní ìdajì ògiri máa ń gé yàrá kúrú.

Níbi òrùka ni ọ̀pọ̀ aránṣọ ti ń ṣìṣe. Òrùka aṣọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé méjì-méjì: 8, 10, 12. Bí irin ṣe ń wọ inú òrùka kan tó ń jáde nínú èkejì, aṣọ ń tẹ síwá sẹ́yìn. Bí òrùka bá jẹ́ 10, etí aṣọ méjèèjì á kọjú sí ògiri. Bó bá jẹ́ 11, etí kan á yọjú síta bí etí ewúrẹ́, kò sì sí bí ẹ ṣe lè tò ó tó máa gún. Fún aṣọ tó fẹ̀ ní 160, òrùka 10 ló bá a mu.

Níbo ni kí tẹlifíṣọ̀n wà?

Kí àárín gílàásì rẹ̀ ga tó ojú ẹni tó jókòó, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 100 sí 110 láti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbé e kọ́ sókè bíi ti ilé ọtí, ọrùn á sì máa dùn wọ́n. Onínṣì 43, kí àga jìnnà sí i ní mítà 1.6 sí 2.7. Ẹ má jẹ́ kó kọjú sí fèrèsé, ẹ má sì jẹ́ kí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀.

Rọ́ọ̀gì àti táìsì ńkọ́?

Kí gígùn rọ́ọ̀gì má dín ní gígùn àga ńlá, kí ẹsẹ̀ iwájú àwọn àga sì tẹ̀ ẹ́. Èyí tí tábìlì àárín nìkan dúró lé máa ń dà bí ẹní ìkírun tí ẹnì kan gbàgbé. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ rẹ̀ bó bá jẹ́ orí táìsì dídán ló wà, kó má bàa yọ àgbàlagbà.

Táìsì 60 sí 60 sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin nínú páálí, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 1.44. Yàrá 3.6 sí 3.6 jẹ́ 12.96, ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún èyí tó máa fọ́, ó di nǹkan bíi 14.3: páálí 10. Ẹ tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù.

Yàrá mi kéré. Ṣé bẹ́ẹ̀dì 6 sí 6 máa gbà?

Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12, ó ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 kù lọ́tùn-ún àti lósì, ó dáa. Nínú yàrá 10, ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí kọ́bọ́ọ̀dù tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 bá tún wọ ibẹ̀, ẹnì kan á máa gun orí ẹnì kejì kó tó jáde. Bẹ́ẹ̀dì 4½ sí 6 ni kí ẹ mú, kí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sì jẹ́ èyí tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Apá fáànù ò gbọdọ̀ dín ní mítà 2.1 sí ilẹ̀. Ìkọ́ mẹ́rin lára àjà, ní igun bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló ń jẹ́ kí àwọ̀n ẹ̀fọn gún régé. Ẹ so ó kí orí rẹ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 180, kó jìnnà dáadáa sí fáànù.

Yàrá ọmọdé?

Ẹ kun ìsàlẹ̀ ògiri ní satin tó dúdú díẹ̀ títí dé sẹ̀ǹtímítà 120, kí òkè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn ń dé. Ẹ kan ìkọ́ báàgì ilé ìwé sí sẹ̀ǹtímítà 100, wọ́n á máa fi kọ́ ọ fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀dì alájà kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ fáànù rárá, bẹ́ẹ̀dì kankan ò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé. Kọ́bọ́ọ̀dù tàbí pẹpẹ ìwé tó bá ga ju ọmọ lọ, ẹ fi irin onígun dè é mọ́ ògiri. Ọmọ á gùn ún. Kò sí ọmọ tí kì í gùn ún.

Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó tún ilé ìdáná ṣe?

Gíga ni ká kọ́kọ́ sọ. Sẹ̀ǹtímítà 90 ni àwọn káfíńtà ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáná gan-an ló yẹ kí wọ́n wọ̀n. Kí ó dìde dúró, kó ká ìgbọ̀nwọ́; gíga ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀, kí ẹ yọ 10 sí 15 kúrò. Ibẹ̀ ló yẹ ẹ́ láti gé ẹ̀fọ́.

Ibi tí à ń ro àmàlà tàbí ẹ̀bà yàtọ̀. Omorogun ń fẹ́ agbára láti èjìká, bí ìkòkò bá sì ga tó àyà, apá nìkan ló ń ṣiṣẹ́, èjìká á máa ro ni. Bí sítóòfù yín bá jẹ́ ti orí tábìlì, ẹ jẹ́ kí ojú ibi tó dúró lé relẹ̀ ju ti ibi gígé nǹkan lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. A ò rò pé ó yẹ kí ilé ìdáná Yorùbá kankan máa wà láìsí ìyàtọ̀ yìí. Fún odó, ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé tàbí orí símẹ́ńtì lásán; gígún iyán lórí táìsì máa ń là á láti abẹ́, ẹ ò ní mọ̀ títí yóò fi máa dún kòròfo.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé ṣíṣí nìkan kò fi tó. Ẹ gbé sílíńdà síta, sínú àgò irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ẹ gba ọ̀sì rẹ̀ (rọ́bà tí gáàsì ń gbà kọjá) wọlé nínú páìpù. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀ rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà. Bó bá ń hó, ó ń jò. Ọ̀sì tó bá ti sán tàbí tó ti le gbagidi, ẹ sọ ọ́ nù.

Abẹ́ síńkì ni kọ́bọ́ọ̀dù ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́. MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀) dà bíi búrẹ́dì bí omi bá kàn án: etí rẹ̀ á wú, bébà ojú rẹ̀ á ṣí, ìdè ilẹ̀kùn á fà yọ. Bí owó ò bá gbé gbogbo rẹ̀, ẹ ra marine plywood (pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́) fún kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì nìkan, kí ìyókù jẹ́ HDF, irú MDF tó le jù. Kí gbogbo rẹ̀ ní ẹsẹ̀ onísẹ̀ǹtímítà 10, kí omi tí ẹ fi ń fọ ilẹ̀ má bàa kàn án, kí ẹ sì fi sílíkọ́ọ̀nù dí ibi tí síńkì ti pàdé orí tábìlì. Kọ́tìnì ilé ìdáná nìkan ló yẹ kó kúrú, kó sì jìnnà sí iná.

Omi kì í lọ tán nílẹ̀ balùwẹ̀ wa.

Ilẹ̀ rẹ̀ ò da gẹ̀rẹ́ tó. Ní mítà kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kó relẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 2 síhà ihò omi. Kí wọ́n tó lẹ táìsì, ẹ da korobá omi kan síbẹ̀ kí ẹ wo ọ̀nà tó gbà. Lẹ́yìn táìsì, àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ fífọ́. Táìsì tí ara rẹ̀ ò dán, tó rí bí àkàrà tó sun jù, ni kí ẹ rà fún ilẹ̀, èyí tó dán fún ògiri, kó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 180 sí 200.

Fún dúdú-dúdú tó ń hù sí àárín táìsì, bílíìṣì tí ẹ fi omi là àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ tó. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì láéláé, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn nínú balùwẹ̀ kékeré.

Mo fẹ́ fi àdìrẹ àti aṣọ òkè ṣe ọ̀ṣọ́. Báwo ni kò ṣe ní bàjẹ́?

Ibí yìí ni ilé wa ti lè dá yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, ó sì yẹ ká ṣe é dáadáa. Fún àdìrẹ tí ẹ fẹ́ kọ́ sára ògiri, irú Ìbàdàndùn tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tútù nù ún. Bí búlúù bá yí, ẹ ṣàn án nínú omi tútù títí omi yóò fi mọ́, kí ẹ sá a síbi ìbòòji, kí ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn.

Ẹ ní kí káfíńtà kan igi onígun mẹ́rin, ká ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90, kí ẹ sì fi aṣọ funfun bò ó kí igi má bàa pa aṣọ láró. Ẹ da ojú àdìrẹ bolẹ̀, kí ẹ gbé igi lé e. Ẹ fa aṣọ ní àárín ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi sítépù kan án. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, kí ẹ ṣe bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù. Láti àárín ni kí ẹ máa lọ sí igun, sẹ̀ǹtímítà 5 láàárín sítépù kan sí èkejì, igun ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun, àwọn òpó Mápó á wọ́ bí ẹni pé ìjì ń fẹ́ wọn. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù: á yọ síwájú bí àbàwọ́n epo. Ẹ má sì kọ́ ọ síbi tí oòrùn ń dé, torí oòrùn máa ń ṣá aró.

Aṣọ òkè, ẹ má gé sányán tàbí ẹtù tí ẹ jogún lọ́wọ́ ìyá yín. Ìyókù aṣọ gèlè àti fìlà tó. Fún ìrọ̀rí 45 sí 45, ẹ gé ọ̀já mẹ́rin tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 13, tó gùn ní 47, kí ẹ rán wọn pọ̀ fún iwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ lásán tó rọ̀. Ẹ fi òwú dí etí rẹ̀ kí ẹ tó rán wọn pọ̀, nítorí aṣọ òkè máa ń tú bí ẹ bá ti gé e. Èyí tó ní òwú dídán máa ń họ ara, orí àga àlejò tí a kì í fi orí lé ni kó wà.

Àwòrán tàbí aṣọ, kí àárín rẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 láti ilẹ̀. Lókè àga, ẹ fi 15 sí 20 sílẹ̀ láàárín. Ìṣó máa ń fọ́ ara símẹ́ńtì. Ihò mílímítà 6 tí ẹ fi rọ́bà ìkọ́ (rọ́bà kékeré tí sukúrù ń wọnú rẹ̀) sí ló ń dúró.

Wallpaper mélòó ni ògiri kan?

Ọ̀pọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 53 ní ìbú, mítà 10 ní gígùn. Ògiri mítà 3.6 ń fẹ́ ìlà 7. Ìdì kan ń fúnni ní ìlà 3 bí àjà bá ga ní mítà 3. Ìdì 3. Bó bá jẹ́ olódòdó tó gbọ́dọ̀ bá ara mu, ẹ ra 4. Ògiri tó ní ọ̀rinrin, ẹ má fi bò ó: á bu lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa mí i símú.

Àjà ilé wa ti pẹ́, mo fẹ́ fá a kí n kun ún.

Bó bá jẹ́ pátákó asbestos tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un, ẹ má fá a, ẹ má dá a lu, ẹ má fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bó bá ṣì dúró dáadáa, ẹ kun ún bó ṣe wà. Bó bá ń já, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó yọ ọ́, pẹ̀lú omi tí wọ́n fi rin ín, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ayálégbé ni mí. Kí ni mo lè ṣe tí mo máa kó lọ?

Kọ́tìnì àti irin rẹ̀, gílóòbù, àtùpà ẹ̀gbẹ́ àga, rọ́ọ̀gì, àdìrẹ orí igi, pẹpẹ tó dá dúró. Wọ́n pọ̀ tó láti yí ilé padà. Fún ọ̀dà àti táìsì, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá á yọ owó náà nínú owó ilé. Ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kàn án. Nígbà tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ yọ rọ́bà ìkọ́, ẹ fi POP cement (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà) díẹ̀ dí ihò, ẹ fá a, kí ẹ fi ìyókù ọ̀dà tó wà nínú rọ́bà yín kùn ún; ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa tọ́jú lítà kan ọ̀dà tí ẹ dé lẹ́nu pinpin, kí ẹ kọ orúkọ yàrá àti ọjọ́ sára rẹ̀.